"Òṣìṣẹ́ mi kì í gbọ́": Ìgbésẹ̀ mẹ́rin tó ń jẹ́ kí ẹ̀kọ́ iṣẹ́ wọlé

Ẹjọ́ tí kì í tán lẹ́nu àwọn ọ̀gá iléeṣẹ́ ni pé òṣìṣẹ́ kì í ṣe ohun tí wọ́n bá kọ́ ọ. Wọn á gba gbọ̀ngàn, wọn á pe olùkọ́ wá, gbogbo èèyàn á jókòó láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, wọn á jẹ ráìsì, wọn á ya fọ́tò. Tó bá fi máa di ọ̀sẹ̀ kejì, bí wọ́n ṣe ń ṣe é tẹ́lẹ̀ náà ni wọ́n tún ń ṣe é.

Àmọ́ ṣé òṣìṣẹ́ ló lẹ̀bi, àbí ọ̀nà tí wọ́n gbà kọ́ ọ?

Ibi tí ọgbọ́n yìí ti wá

Lọ́dún 1940, nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ìjọba Amẹ́ríkà dá ètò kan sílẹ̀ tí wọ́n pè ní Training Within Industry. Àwọn iléeṣẹ́ nílò òṣìṣẹ́ tuntun rẹpẹtẹ, títí kan àwọn obìnrin tí kò fọwọ́ kan ẹ̀rọ rí. Àwọn ọ̀gá tó ń darí iṣẹ́ gan-an ni ètò náà kọ́ bí wọn yóò ṣe máa kọ́ èèyàn lẹ́nu iṣẹ́. Kó tó parí lọ́dún 1945, ó ti dé iléeṣẹ́ tó lé ní 16,000.

Ìgbésẹ̀ mẹ́rin náà

Ẹ jẹ́ ká fi iléeṣẹ́ búrẹ́dì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra míkísà, ẹ̀rọ tó ń po fúláwà, ṣe àpẹẹrẹ.

1. Ẹ kọ́kọ́ fi ọkàn òṣìṣẹ́ balẹ̀, kẹ́ ẹ sì bi í léèrè ohun tó ti mọ̀. Ẹni tí wọ́n ń jágbe mọ́ kì í kọ́ nǹkan kan.

2. Ẹ ṣe é lójú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kẹ́ ẹ sì sọ ìdí. "Pa iná kó o tó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́" nìkan kò tó. Ẹ sọ fún un pé ẹ̀rọ náà lè fa ọwọ́ wọlé, kó sì kán an.

3. Ẹ jẹ́ kó ṣe é, kó máa ṣàlàyé fún yín bó ṣe ń ṣe é. Ẹ má bi í pé "Ṣé ó yé ẹ?" "Bẹ́ẹ̀ ni, sà" ni gbogbo èèyàn máa ń dáhùn. Tó bá ṣì í, ẹ tún un ṣe lójú ẹsẹ̀, kó tó mọ́ ọn lára.

4. Ẹ fi í sílẹ̀ kó máa ṣiṣẹ́, àmọ́ ẹ dárúkọ ẹni tó lè bi ní ìbéèrè. Ẹ máa yọjú sí i léraléra níbẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ tó dín in kù.

Ìdí tí èèyàn fi ń gbàgbé

Lọ́dún 1885, onímọ̀ ará Jámánì kan, Hermann Ebbinghaus, ṣàlàyé nínú ìwé rẹ̀ pé kíákíá ni ohun téèyàn kọ́ máa ń sá lọ, àti pé àtúnkọ́ tó ní àlàfo láàárín ló ń jẹ́ kó dúró. Ìyẹn ni pé ogún ìṣẹ́jú lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ lè ṣàǹfààní ju odindi ọjọ́ kan lọ. Ẹ tún lẹ àwọn ìgbésẹ̀ náà mọ́ ara ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ, ní èdè tí òṣìṣẹ́ ń sọ tàbí pẹ̀lú àwòrán.

Owó ńkọ́?

Ní Nàìjíríà, òfin ní kí iléeṣẹ́ tó ní òṣìṣẹ́ márùn-ún sókè máa san ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún àpapọ̀ owó oṣù òṣìṣẹ́ lọ́dọọdún fún àjọ ITF, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1971. Iléeṣẹ́ tó ń san án, tó sì ń kọ́ òṣìṣẹ́ bí àjọ náà ṣe là á sílẹ̀, lè béèrè kí wọ́n dá apá kan owó náà padà.

Àwọn télọ̀ wa kò ṣàì mọ díẹ̀ nínú ọgbọ́n yìí: orí bébà ni ọmọ iṣẹ́ ti máa ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń gé aṣọ, kó tó kan aṣọ oníbàárà. Ohun tó sábà máa ń kù ni kí ọ̀gá sọ ìdí. Nítorí náà, tí òṣìṣẹ́ bá tún ṣe àṣìṣe, kẹ́ ẹ tó bínú, ẹ ka ìgbésẹ̀ mẹ́rin náà, kẹ́ ẹ wo èyí tẹ́ ẹ fò.