Adìẹ Tó Ń Sàba Léraléra: Ìlàlóye fún Àwọn Tó Ń Sin Adìẹ Lẹ́yìnkùlé ní Ladi-Lak

Ilé fẹ́rẹ̀ẹ́ gun orí ilé ní Ladi-Lak, ní Èkó. Ẹni tó bá ń sin adìẹ níbẹ̀, ẹ̀yìnkùlé tóóró ló ń lò, ẹyin tí àwọn ọmọ yóò jẹ ló sì sábà máa ń wá. Nígbà tí àgbébọ̀ kan bá wá jókòó sínú ìtẹ́ tí kò dìde mọ́, tí wọ́n lé e lónìí tó tún padà lọ́la, tó sì tún ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn oṣù kan, àwọn ará ilé á ní olóríkunkun ni, tàbí pé nǹkan ń ṣe é. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tó wà lábẹ́ adìẹ náà àti ibi tó jókòó sí ló sábà máa ń mú un sàba léraléra. Ẹni tó bá tún ibẹ̀ ṣe, adìẹ rẹ̀ sábà máa ń ṣíwọ́. Ẹni tó bá ń fìyà jẹ ẹ́, ẹyin ni yóò pàdánù.

Ẹ jẹ́ ká wo bó ṣe ń ṣẹlẹ̀. Bí ẹyin bá ń pọ̀ sí i nínú ìtẹ́ tó ṣókùnkùn tó sì móoru, ara adìẹ á bẹ̀rẹ̀ sí í tú họ́mónù kan tí wọ́n ń pè ní prolactin jáde. Ìyẹ́ ikùn rẹ̀ á re, awọ ara rẹ̀ gan-an á sì máa kan ẹyin. Ìfarakanra yìí ló ń sọ fún ọpọlọ pé kí họ́mónù náà máa wá, bó bá sì ti ń wá, adìẹ kò ní yé ẹyin mọ́. Ohun tó máa ń fòpin sí i ni igbe òròmọdìẹ ní nǹkan bí ọjọ́ 21. Níbi tí kò bá ti sí àkùkọ, ẹyin kò lè di ọmọ láéláé, nítorí náà kò sí igbe kankan tí yóò dá adìẹ náà dúró. Ó lè jókòó ju ọjọ́ 21 lọ dáadáa, títí yóò fi rù. Ní àwọn ìlú tí òtútù ti ń mú, ìgbà tí ojúmọ́ bá gùn ni adìẹ ń sàba jù. Ní Èkó, gígùn ojúmọ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà láti oṣù kan dé èkejì, ìdí nìyí tí a fi lè bá adìẹ tó ń sàba pàdé nínú oṣù èyíkéyìí.

Ẹ̀rí pé ibùgbé ní ọwọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí wà ní oko àwọn ọlọ́sìn ńlá. Adìẹ tí wọ́n fi sínú àgò onírin, tí ẹyin rẹ̀ ń yí lọ síwájú kúrò lábẹ́ rẹ̀, kì í sábà sàba. Òótọ́ ni pé ìran náà ní ọwọ́ nínú rẹ̀: ọjọ́ pẹ́ tí àwọn tó ń tọ́ adìẹ aláwọ̀ pupa tí à ń pè ní adìẹ àgíríìkì ti ń yọ èyí tó bá ń sàba kúrò láàárín wọn, ìdí nìyẹn tí irú adìẹ bẹ́ẹ̀ fi lè yé tó ẹyin 250 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́dún. Adìẹ ìbílẹ̀ tiwa máa ń yé bíi 10 sí 15, á sàba, á tọ́ ọmọ, kó tó tún bẹ̀rẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá ra adìẹ ìbílẹ̀ ti ra ìwà yìí mọ́ ọn, kò sì yẹ ká máa bínú sí i nítorí rẹ̀.

Bí ẹ kò bá fẹ́ ọmọ, ẹ tètè gbé ìgbésẹ̀. Adìẹ tí a rí ní ọjọ́ kìíní tàbí ìkejì máa ń tètè ṣíwọ́ ju èyí tó ti jókòó fún ọ̀sẹ̀ kan lọ. Ẹ wá àpótí tàbí àgò tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ nẹ́ẹ̀tì onírin, ẹ gbé e lé orí búlọ́ọ̀kù kí afẹ́fẹ́ lè máa gba abẹ́ ikùn adìẹ kọjá, kó wà níbi tó mọ́lẹ̀ ṣùgbọ́n tí oòrùn kò ti ní pa á. Ẹ má tẹ́ koríko tàbí aṣọ sí i. Oúnjẹ àti omi kò gbọ́dọ̀ wọ́n ọn níbẹ̀ tọ̀sán-tòru, ẹ sì ti ilẹ̀kùn rẹ̀ dáadáa nítorí eku àti ológbò. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, ẹ tú u sílẹ̀. Bó bá padà sínú ìtẹ́, ẹ dá a padà fún ọjọ́ méjì sí i. Ọ̀pọ̀ wọn yóò tún máa yé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan sí mẹ́ta. Ní gbogbo àkókò yìí, ẹ máa kó ẹyin láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, kí ẹ sì dí igun tó ṣókùnkùn. Àṣà fífi ẹyin kan sílẹ̀ kí adìẹ má baà sá lọ yé síbòmíràn dára fún àwọn yòókù, ṣùgbọ́n kò yẹ fún èyí tó bá ń sàba léraléra, nítorí ẹyin kan náà tó láti pè é padà.

Àwọn kan á ní omi tútù ni ìyá àwọn ń rì í sí, ó sì ń ṣiṣẹ́. A kò sọ pé irọ́ ni wọ́n ń pa. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí wọ́n rì í sómi náà ni wọ́n sábà máa ń kó ẹyin, tí wọ́n sì ń tú ìtẹ́ ká. Kíkó ẹyin ló ṣe iṣẹ́ náà, omi ló gba ìyìn. Níbi tí wọ́n bá ti fi ìtẹ́ sílẹ̀, adìẹ tó rin gbindin á padà sínú rẹ̀ kí ìyẹ́ rẹ̀ tó gbẹ. Fífi ebi pa á burú ju ìyẹn lọ, nítorí adìẹ tó ń sàba kì í jẹun púpọ̀ tẹ́lẹ̀. Bó bá tún rù sí i, yóò pẹ́ kó tó ní agbára àtiyé ẹyin. Àwọn mìíràn á ní ìkà ni ká gba ẹyin lọ́wọ́ ìyá. Èrò ọlọ́kàn tútù ni, àmọ́ ẹyin tí kò rí àkùkọ kò ní ọmọ nínú. Jíjẹ́ kó máa jókòó lórí rẹ̀ títí tí iná ara adìẹ yóò fi bò ó ló burú jù.

Bí ẹ bá fẹ́ ọmọ, tí àkùkọ sì wà, ìṣúra ni adìẹ yìí. Ẹ̀rọ tí ń pa ẹyin nílò iná mànàmáná láìdáwọ́dúró, adìẹ kò nílò rẹ̀. Ẹ yà á sọ́tọ̀ kí àwọn yòókù má baà máa yé ẹyin tuntun sábẹ́ rẹ̀, nítorí ẹyin tí ọjọ́ wọn kò bára mu kò ní pa pọ̀. Ẹ sàmì sí tirẹ̀, ẹ sì fi tọ́ọ̀ṣì yẹ̀ wọ́n wò lóru ọjọ́ keje: èyí tí kò bá ní iṣan pupa nínú, ẹ yọ ọ́ sọnù. Ẹ má dín in jẹ, ẹ má sì tà á fún ẹni tó ń dín ẹyin lẹ́bàá títì, nítorí ooru ara adìẹ ti tó láti mú kí kòkòrò àìsàn pọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ lẹ́yìn tí ẹ bá fọwọ́ kan ìtẹ́, ẹ sì kọ́ àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀.

Ohun kan wà tí a kò gbọ́dọ̀ ṣì mú fún ìsàba. Adìẹ tó ń sàba máa ń wú ìyẹ́, ó ń kùn, ó sì ń ṣá ẹni lọ́wọ́. Ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀, á sì dìde lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́ láti jẹun, kó mu omi, kó sì yàgbẹ́ ńlá tó ń rùn. Èyí tó bá ń tòògbé, tí ìgbẹ́ rẹ̀ jẹ́ omi aláwọ̀ ewé, tí ọrùn rẹ̀ ń lọ́, tàbí tí mélòó kan bá kú lọ́jọ́ kan náà, àìsàn ni. Ó lè jẹ́ Newcastle, ó sì lè jẹ́ àrùn lukulúkù ẹyẹ, èyí tí irú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní H5N1 kọ́kọ́ fara hàn ní Áfíríkà lọ́dún 2006, ní orílẹ̀-èdè wa níbí. Ẹ má pa á jẹ, ẹ má gbé e lọ sọ́jà, ẹ sọ fún dókítà ẹranko ìjọba kíákíá. Abẹ́rẹ́ àjẹsára Newcastle tí ilé-iṣẹ́ ìwádìí àrùn ẹranko ti ìjọba àpapọ̀ ní ìlú Vom ń ṣe wà fún adìẹ ẹ̀yìnkùlé náà.

Ó ku ti adìẹ tí a ti ṣe gbogbo èyí fún tó sì tún ń padà. Inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ló wà, àwọn ọmọ rẹ̀ náà sì lè jogún rẹ̀. Ẹni tí ẹyin nìkan ń wá kò yẹ kó mú irú rẹ̀ bí. Ẹni tó ní ilẹ̀ tó fẹ̀ ní Ìkòròdú tàbí Ẹ̀pẹ́, tó ń fẹ́ ìyá tí yóò pa ẹyin tòlótòló tàbí ẹtù fún un fún bí ọjọ́ 28, yóò fi tayọ̀tayọ̀ rà á lọ́wọ́ yín.