Ẹ fẹ́ẹ́ ra ìbọn àkọ́kọ́ fọ́mọ yín l'Amẹ́ríkà? Ẹ kọ́kọ́ wo ọmọ náà dáadáa o!

Ọjọ́ 26, oṣù Kọkànlá, ọdún 2021, ni bàbá kan nípìnlẹ̀ Michigan, l'Amẹ́ríkà, wọ ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta ìbọn. Kérésìmesì ti ń sún mọ́lé, ẹ̀bùn ló fẹ́ẹ́ rà fọ́mọ ẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ọdún 15. Ìbọn ìléwọ́ ló mú níbẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ìyá ọmọ náà mú un lọ síbi tí wọ́n ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń yìnbọn, tìyá-tọmọ sì jọ dán an wò. Ọjọ́ mẹ́ta péré lẹ́yìn ìyẹn, ọmọ yìí ki ìbọn náà bọnú báàgì, ó di iléèwé girama Oxford tó ń lọ. Kó tó di pé wọ́n mú un, ó ti pa ọmọléèwé ẹgbẹ́ ẹ̀ mẹ́rin.

Ẹ̀wọ̀n gbére ni wọ́n sọ ọmọ náà sí. Àmọ́ ọ̀rọ̀ ò tán síbẹ̀ o. Lọ́dún 2024, ilé-ẹjọ́ dá ìyá lẹ́bi, wọ́n dá bàbá náà lẹ́bi, wọ́n ní kí ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn lọ ṣẹ̀wọ̀n ọdún 10 sí 15. Kó tó dìgbà náà, wọn ò tíì torí ìpakúpa tọ́mọ ṣe níléèwé sọ pé ọwọ́ òbí ẹ̀ wà nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn tó kú rí l'Amẹ́ríkà.

Ẹ lè ní kí ló kàn wá níbẹ̀. Ó kàn wá o. Àwọn ọmọ Yorùbá pọ̀ ní Houston, ní Atlanta àti Maryland, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń tọ́mọ. Ọmọ á bá ọ̀rẹ́ ẹ̀ lọ sóko ọdẹ pẹ̀lú bàbá ọ̀rẹ́, tó bá délé, á ní, "Dádì, èmi náà fẹ́ẹ́ kọ́ ọ." Àwọn òbí kan á jágbe mọ́ ọn, ọmọ á sì lọ máa kọ́ ọ níkọ̀kọ̀. Àwọn mìíràn á sáré lọ ra èyí tó ń dán jù. Méjèèjì ò dáa.

Ìbọn ìléwọ́ kọ́ ló yẹ kọ́mọ fi bẹ̀rẹ̀. Ó kúrú, bọ́mọ bá yí ọrùn ọwọ́ díẹ̀ báyìí, ẹnu ẹ̀ ti dojú kọ ẹni tó dúró tì í nìyẹn. Ó sì rọrùn láti fi pamọ́ sínú báàgì, ẹ ṣáà ti gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Michigan. Ẹ wo bí ẹgbẹ́ Boy Scouts, tí wọ́n ń pè ní Scouting America báyìí, ṣe ń ṣe tiwọn: ìbọn tó ń lo afẹ́fẹ́ làwọn ọmọ kéékèèké fi ń bẹ̀rẹ̀, àwọn tó dàgbà jù wọ́n lọ ló ń fọwọ́ kan ìbọn gígùn tó ń lo ọta .22.

Ọta .22 yìí kò wọ́n, ariwo ẹ̀ ò pọ̀, kì í sì í taari èèyàn sẹ́yìn. Ọmọ tí ìbọn ńlá bá gbá léjìká lẹ́ẹ̀kan, á máa dijú kó tó yìn ín ni, ẹni tó dijú ò sì mọ ibi tí ọta ń lọ. Èyí tó ń gba ọta kan ṣoṣo ni kẹ́ ẹ rà. Bọ́mọ bá ti yìn ín tán, dandan ni kó dúró, kó ṣí i, kó tó fi ọta mìíràn sí i. Ìdúró yẹn gan-an ni ẹ̀kọ́. Ẹ rí i pé ó bá a mu náà. Kó ká apá, kẹ́ ẹ fi ìdí ìbọn tí ò ní ọta nínú ti kọ̀rọ̀ ìgúnpá ẹ̀, kẹ́ ẹ wò ó bóyá ìka ẹ̀ á dé irin tí wọ́n ń fà láìnàgà. Ìbọn kì í ṣe yunifọ́ọ̀mù tí wọ́n ń rà ní títóbi kọ́mọ lè dàgbà bá a.

Kó tó yin ẹyọ kan, kó ti mọ òfin mẹ́rin lórí. Gbogbo ìbọn ló ní ọta nínú, kódà bí wọ́n bá ní kò ní. Má kọjú ẹ̀ sóhun tó ò fẹ́ẹ́ bà jẹ́. Ìka ò gbọdọ̀ kan irin tí wọ́n ń fà àfi bó o bá ṣe tán láti yìn ín. Mọ ohun tó o fẹ́ẹ́ yìn, kó o sì mọ ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀. Kó wọ gíláàsì, kó sì bo etí.

Ẹ má sì jẹ́ kí kékeré ọta .22 tàn yín jẹ. Ó lè rìn ju máìlì kan lọ. Ní Kentucky, lọ́dún 2013, irú ìbọn ọmọdé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fún ọmọ ọdún 5 kan. Wọ́n gbé e sí kọ̀rọ̀ yàrá, wọn ò mọ̀ pé ọta kan ṣì wà nínú ẹ̀. Ìyá ẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ síta ni, ọmọ náà sì yìn ín lu àbúrò ẹ̀ obìnrin, ọmọ ọdún 2. Ọmọ yẹn kú.

Nítorí náà, ẹ ra àpótí onírin kẹ́ ẹ tó ra ìbọn. Ìmọ̀ràn àwọn dókítà ọmọdé l'Amẹ́ríkà ni pé bí ìbọn bá máa wà nílé, kẹ́ ẹ yọ ọta kúrò nínú ẹ̀, kẹ́ ẹ tì í pa, kẹ́ ẹ sì ti ọta pa síbòmíràn. Ọwọ́ òbí ni kí kọ́kọ́rọ́ wà. Bẹ́ ẹ bá tiẹ̀ ní tọmọ ni, ẹ̀yin lẹ ni ín.

Àmọ́ ẹ jẹ́ n padà sí Michigan. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an, àwọn olùkọ́ ti ránṣẹ́ pe bàbá àti ìyá, wọ́n fi àwòrán ìbọn àti ẹ̀jẹ̀ tọ́mọ wọn yà hàn wọ́n. Wọn ò mú un lọ sílé. Àwọn àgbà ní bí ọwọ́ ọmọdé ò bá tíì tẹ èèkù idà, kì í bèèrè ikú tó pa bàbá ẹ̀. Ọmọ tí inú ẹ̀ ò dùn, tó ń bínú, tó ń dá jókòó, kò sí ìbọn kankan tó dáa fún un, kékeré tàbí ńlá.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé níbí, tiwa yàtọ̀. Òfin ìbọn ti ọdún 1959 ò fàyè gba kí wọ́n fún ẹni tí ò tíì pé ọdún 17 níwèé àṣẹ. Ẹ má lọ fojú òkèèrè wo tilé o.