Kí Míkísà Má Ba Ọ̀rọ̀ Dùndún Jẹ́

Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tó ń gbé Kubwa, Nyanya àti Gwarinpa, ní Àbújá níhìn-ín, níbi ayẹyẹ wa ni ọ̀pọ̀ ọmọ tí a bí síbí ti ń gbọ́ oríkì lẹ́nu dùndún. Bí míkísà bá da ohùn ìlù rú, kí ni wọn yóò gbọ́?

Insert ni ibi tí ohùn ti ń yà kúrò lójú ọ̀nà rẹ̀, tó ń gba inú ẹ̀rọ àtúnṣe kọjá, tó sì ń padà. Lórí Behringer X32, tó jáde ní 2012, àyè 8 ló wà fún ẹ̀rọ àtúnṣe. Insert nìkan ni a ń fi 5 sí 8 ṣe.

Ẹ kọ́kọ́ yan àyè fún dùndún, kí ẹ tó tan insert. Bó bá jẹ́ ẹ̀rọ ìta ni ẹ ń lò, tí kò sí wáyà tó ń dá ohùn padà, ìlù á dákẹ́ lójijì. Bí compressor bá sì fún un jù, ìlù líle àti ìlù jẹ́jẹ́ á fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba.

Nítorí náà, kí àlejò tó dé, ẹ jẹ́ kí àyàn lu jẹ́jẹ́, kó tún lu kíkan. Ẹ fi àgbà kan jókòó lọ́ọ̀ọ́kán. Bó bá lè sọ ohun tí ìlù wí, iṣẹ́ ti parí.