Fáìlì Àtijọ́ Ló Tú Àṣírí

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, ẹni tó bá ń ka ìwé nípa bí a ti í tara iṣẹ́ ọ̀daràn mọ irú ẹni tó jẹ́ yóò bá George Metesky pàdé. Láti 1940 ló ti bẹ̀rẹ̀ sí fi bọ́ǹbù pamọ́ káàkiri New York. Ní 1956, Dókítà Brussel ka lẹ́tà rẹ̀, ó ní àpọ́n ni. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n àpọ́n mélòó ló wà nílùú! Akọ̀wé obìnrin kan nílé iṣẹ́ iná mànàmáná ló tú fáìlì, tó rí lẹ́tà òṣìṣẹ́ wọn kan tó fara pa ní 1931, tí wọn kò fún lówó gbà-máà-bínú. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ bá ti oníbọ́ǹbù mu. Wọ́n mú un ní 1957.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ká dáná sun fáìlì ọ́fíìsì wa torí àyè há, ẹ ṣe sùúrù ná.