Sùúrù Ni A Fi Tú Ẹ́ńjìnnì Morris Bàbá Mi

Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ òwe yìí, ṣùgbọ́n ọdún 2019 ni ó tó yé mi, lábẹ́ igi máńgòrò ilé wa.

Ọkọ̀ Morris Minor kan ni bàbá mi fi sílẹ̀ kí wọ́n tó kú. Olùkọ́ ni wọ́n. Ọdún 1962 ni wọ́n yá owó rà á, tí wọ́n sì ń san án díẹ̀díẹ̀ nínú owó oṣù wọn. Láti ọdún 1994 ni ọkọ̀ náà ti wà lójú kan. Nígbà tí àwọn tí ń ra irin àlòkù wọlé tọ̀ wá wá, àwọn àbúrò mi ní kí á tà á. Ìyá wa kò sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n mo rí i tí wọ́n fi ìborùn nu ojú. Mo bẹ̀bẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Mẹkáníìkì tí mo kọ́kọ́ pè ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ́ńjìnnì yìí ti nọ́ọ̀kì." Ó ki ọkọ̀ sí gíà, ó so okùn mọ́ ọn, ó fi ọkọ̀ mìíràn wọ́ ọ. Táyà ẹ̀yìn ń ha ilẹ̀, ẹ́ńjìnnì kò mira. Ọpẹ́lọpẹ́ okùn tó já, nítorí irú agbára bẹ́ẹ̀ lè ṣẹ́ irin nínú ẹ́ńjìnnì.

Bàbá àgbàlagbà kan tó ti fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ náà ló gbà mí. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ìpáàrà ló dè é. Kò tíì kú." Wọ́n ṣàlàyé pé sìlíńdà mẹ́rin ni Morris ní. Ibi yòówù kí ẹ́ńjìnnì dúró sí, fááfù kan yóò ṣí sílẹ̀, ibẹ̀ ni ọ̀rinrin ń gbà wọlé. Irin ni ara sìlíńdà, irin náà ni ríìngì tó yí písítìn ká. Bí méjèèjì bá dógùn-ún, wọn a lẹ̀ mọ́ra.

A tú pọ́lọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. A po kẹrosíìnì àti ọ́ìlì pupa ti gíà pọ̀ ní ìdọ́gba, a sì rọ ìwọ̀n ṣíbí ìjẹun mẹ́ta sínú ihò kọ̀ọ̀kan. Bàbá kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mu sìgá nítòsí. Ní àràárọ̀ mo ń wò ó. Bí ó bá ti gbẹ, mo tún rọ òmíràn sí i. Ọjọ́ mẹ́jọ ni a fi ṣe èyí nìkan.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án, a fẹ́ afẹ́fẹ́ sí táyà, a ki ọkọ̀ sí gíà kẹrin, a sì ń tì í síwájú, sẹ́yìn, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń rẹ ọmọ. Kò sí nǹkan. Ọjọ́ kẹwàá, kò sí nǹkan. Àbúrò mi rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ kejìlá, mo gbọ́ "kẹ̀!" Ọkọ̀ sún ní ìwọ̀n ìka kan. Bàbá pariwo pé, "Ẹ rọra! Ẹ má fi ayọ̀ bà á jẹ́." Títí ilẹ̀ fi ṣú ni a ń rọ epo, tí a ń tì í, kí ó tó yí po.

Lẹ́yìn náà ni a yọ gíà sí fíríì, a ki irin tí a fi ń yí ẹ́ńjìnnì bọ iwájú ọkọ̀. Bàbá kọ́ mi kí n fi àtàǹpàkò sí ẹ̀gbẹ́ kan náà pẹ̀lú àwọn ìka yòókù, nítorí bí ẹ́ńjìnnì bá ta padà, ó lè ṣẹ́ni lọ́wọ́. A fi àkísà bo ihò pọ́lọ́ọ̀gì kí epo má ta sí wa lójú. A da ọ́ìlì àtijọ́ nù, nítorí kẹrosíìnì ti ṣàn wọ inú rẹ̀. A rọ tuntun. A fọ táǹkì àti kábúrétọ̀, a ra bátìrì.

Nígbà tí ó dún, èéfín bo gbogbo àgbàlá. Ìyá wa jáde láti ilé ìdáná, wọ́n ní, "Ohùn ọkọ̀ bàbá yín nìyẹn." Àwọn onírin padà wá lọ́jọ́ kẹta. Àbúrò mi tó rẹ́rìn-ín ló lé wọn.

Ẹ̀yin ọlọ́kọ̀, ẹ fi èyí sọ́kàn: ẹ́ńjìnnì tó bá gan lójú títì nítorí àìsí ọ́ìlì tàbí omi, rírọ epo sí i kò lè wò ó sàn, ẹ jẹ́ kí wọ́n tú u. Ṣùgbọ́n èyí tí ó ti pẹ́ lórí ìdúró, ẹ fún un ní epo àti ọjọ́ púpọ̀ kí ẹ tó pe onírin.