Ohun Tó Wà Nínú Igbá Wa àti Kókó Inú Ọmú

 

Ọ̀rọ̀ tá a mú wá lónìí kì í ṣe ti owó ìsọ̀. Ti ọmú àyà wa ni.

Àwọn kan ń fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn kiri ọjà, wọ́n ń ta kápúsù inú ìgò. Wọ́n ní antioxidant ni, pé ẹni tó bá lò ó, jẹjẹrẹ ọmú ò ní í dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ láéláé. Ọ̀kan nínú wa ti ra ìgò mẹ́ta. Ẹ̀yìn ìgbà náà ló tó fọhùn pé kókó kan ti wà nínú ọmú òun láti bí oṣù márùn-ún. Kókó náà kò dùn ún, ìyẹn ni kò ṣe bẹ̀rù.

Ká sòótọ́, ọ̀rọ̀ antioxidant ní ìdí. Bí irin ṣe ń dógùn-ún nínú òjò, bẹ́ẹ̀ ni àwọn nǹkan kan wà tó ń ba ara jẹ́ díẹ̀díẹ̀ láti inú. Antioxidant ló ń dí wọn lọ́wọ́. Ó sì wà nínú ohun tí àwa fúnra wa ń tà: ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, tòmátì, ata, ìbẹ́pẹ, epo pupa. Àwọ̀ pupa inú epo yẹn wà lára rẹ̀. Ẹni tó bá yọ epo títí tó fi funfun ti jó o dànù. Tòmátì tá a fi epo sè sì ń wọ ẹ̀jẹ̀ ju tútù lọ.

Ní 2012, àwọn onímọ̀ ìṣègùn pa ìwádìí 8 pọ̀, obìnrin tó lé ní 7,000. Ìgbà tí ara wọn ṣì le ni wọ́n ti gba ẹ̀jẹ̀ wọn. Bí jẹjẹrẹ ọmú bá mú 10 nínú àwọn tí èròjà aláwọ̀ yìí kéré jù nínú ẹ̀jẹ̀ wọn, bíi 8 ló ń mú nínú iye kan náà lára àwọn tí tiwọn pọ̀ jù. Ó dára, àmọ́ ẹ ò rí i pé ó ṣì mú àwọn 8 yẹn?

Kápúsù ńkọ́? Ní Finland, wọ́n fún àwọn ọkùnrin amusìgá ní èròjà yìí ní oníhóró. Nígbà tí èsì jáde ní 1994, jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró pọ̀ sí i lára àwọn tó lò ó. Oúnjẹ yàtọ̀ sí kápúsù o.

UCH níbí ti ń ṣàkọsílẹ̀ jẹjẹrẹ láti 1960; ti ọmú ló wá ń ṣíwájú láàárín obìnrin. Pípẹ́ ká tó lọ ló ń dá wa lóró. Bí ẹ bá rí kókó, ìbáà má dùn yín, tàbí tí orí ọmú wọlé, tí ẹ̀jẹ̀ ń ti ibẹ̀ jáde, tàbí tí awọ rẹ̀ dà bí èèpo ọsàn, ẹ má ra ìgò kankan. Ọ̀dọ̀ dókítà ni kẹ́ ẹ lọ.

A bá ọmọ ìyá wa yẹn lọ sí ilé ìwòsàn. Ó ti ń gba ìtọ́jú; aládùúgbò ìsọ̀ rẹ̀ ló ń bá a tajà. Ẹni tí ẹ̀rù bá ń bà, kó wí fún wa. A ó bá a lọ, a ó sì bá a ṣọ́ ìsọ̀.

Àìsàn ò ní í ná ọjà wa o. Àṣẹ.