Bí Sátẹ́láìtì Ṣe Ń Wọn Pòròpórò Tó Bo Ilẹ̀ Oko

Pòròpórò àgbàdo, háhá, ewé ẹ̀wà gbígbẹ àti ìtàkùn iṣu ló máa ń kù sórí ilẹ̀ lẹ́yìn ìkórè ní Èjìgbò, Màsífà, Ifẹ̀-Ọ̀dàn àti àwọn abúlé tó yí wọn ká ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ a máa kó wọn jọ, wọ́n a sì dáná sun wọ́n kí oko lè mọ́ de òjò. Bẹ́ẹ̀, aṣọ ilẹ̀ ni wọ́n. Wọn kì í jẹ́ kí òjò na erùpẹ̀ ní tààrà, wọ́n ń dín ọ̀gbàrá kù, wọ́n ń pa omi mọ́ fún gbòǹgbò, bí wọ́n bá sì jẹrà, wọ́n a di ọ̀rá ilẹ̀. Ní IITA, iléeṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Ìbàdàn, láti 1970, onímọ̀ nípa ilẹ̀ kan, Rattan Lal, fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣèwádìí ọ̀rọ̀ yìí. Ó rí i pé ilẹ̀ tí a kò tú, tí pòròpórò sì bò, kì í pàdánù erùpẹ̀ bí ilẹ̀ tó wà ní ìhòòhò. Ní 2020, ó gba Ẹ̀bùn Oúnjẹ Àgbáyé.

Okùn tí a sàmì sí ní ojú 100 ni wọ́n fi ń wọn ìbòlẹ̀ yìí nínú oko. Wọ́n á nà án dábùú poro, wọ́n á sì ka àmì tó bọ́ sórí pòròpórò. Bí ó bá jẹ́ 30, ìdá 30 nínú 100 ilẹ̀ náà ló bò. Ní Amẹ́ríkà, oko tó bá ní tó bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn ìgbìn ni wọ́n ń kà sí èyí tí a ro láìba ilẹ̀ jẹ́. Ọ̀nà yìí dára fún oko kan, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ kò ká odindi ìjọba ìbílẹ̀. Ibẹ̀ ni sátẹ́láìtì ti wúlò.

Lójú ènìyàn, pòròpórò gbígbẹ àti erùpẹ̀ gbígbẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ jọra. Ṣùgbọ́n oòrùn ní ìmọ́lẹ̀ mìíràn tí ojú wa kò rí. Sẹ́lúlóòsì inú pòròpórò máa ń gbé èyí tí ìgbì rẹ̀ gùn tó nǹkan bí nánómità 2,100 mì. Erùpẹ̀ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Sátẹ́láìtì Sentinel-2 ti ilẹ̀ Yúróòpù, tí àkọ́kọ́ rẹ̀ gòkè ní 2015, ń wọn ìmọ́lẹ̀ ní nǹkan bí nánómità 1,610 àti 2,190. Èkejì sún mọ́ ibi tí sẹ́lúlóòsì ti ń gbé ìmọ́lẹ̀ mì. A ó yọ èkejì kúrò nínú èkíní, a ó sì fi àpapọ̀ méjèèjì pín in. Bí èsì bá ṣe ga tó ni pòròpórò ṣe pọ̀ tó. Àwọn sátẹ́láìtì Nàìjíríà, NigeriaSat-1 (2003) àti NigeriaSat-2 (2011), kò ní ojú tó ń rí irú ìmọ́lẹ̀ yìí.

Iṣẹ́ náà ní ìṣòro tirẹ̀ ní Èjìgbò. Ẹyọ kan nínú àwòrán náà jẹ́ mítà 20 níbùú lóròó, nítorí náà ẹyọ bíi mẹ́wàá péré ló wà nínú éékà kan. Àgbàdo, ẹ̀gẹ́ àti iṣu sì sábà máa ń wà pọ̀ nínú oko kan náà. Ewé ẹ̀gẹ́ tútù a máa bo pòròpórò mọ́lẹ̀. Ilẹ̀ tó rin ń yí èsì padà. Ìkùukùu ń dí ojú sátẹ́láìtì nígbà ìgbìn. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí ojú ọ̀run mọ́, koríko gbígbẹ orí ilẹ̀ tí a fi sílẹ̀ kí ó sinmi jọ pòròpórò.

Nítorí náà, àwòrán kan kò tó. A ní láti to ọ̀pọ̀ rẹ̀ tẹ̀lé ara wọn láti ìkórè títí di ìgbìn, kí a sì fi okùn yẹ àwọn oko kan wò láti mọ̀ bóyá èsì náà tọ̀nà. Ìmọ̀ rẹ̀ kò jìnnà: láti 1972 ni iléeṣẹ́ RECTAS, tó ń jẹ́ AFRIGIST nísinsìnyí, ti ń kọ́ni ní wíwo ilẹ̀ láti òfuurufú ní Ilé-Ifẹ̀; ẹ̀ka ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sì wà ní Èjìgbò gan-an. Máàpù irú èyí yóò fi han àwọn olùkọ́ni lẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ibi tí ilẹ̀ ti wà ní ìhòòhò, kí wọ́n lè tọ àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ lọ kí òjò tó bẹ̀rẹ̀.